Ta Ni Ó Ní Ẹ̀tọ́ Láti Dájọ́?

(Ìdánilẹ́kọ̀ọ́ tí a ṣe fún àwọn ọ̀dọ́ Mùsùlùmí ní Òkè Ìdànrè)

  



Òkè tí ó wà lẹ́yìn wa yìí ni mo fẹ́ fi bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ mi. Púpọ̀ nínú yín ni ó ti gun àtẹ̀gùn rẹ̀ tí ó lé ní 600. Orí rẹ̀ ni àwọn ará Ìdànrè ń gbé kí wọ́n tó sọ̀kalẹ̀ wá sí pẹ̀tẹ́lẹ̀ ní nǹkan bí ọdún 1923. Ohun méjì wà níbẹ̀ tí ó kan ọ̀rọ̀ wa lónìí. Èkíní ni ojú ẹsẹ̀ tí wọ́n ń pè ní ti Agboogun, tí ó wà lára àpáta. Ìtàn tí àwọn tí ń mú àlejò rìn máa ń sọ ni pé ẹsẹ̀ gbogbo ènìyàn ni ó máa ń ba ibẹ̀ mu, ìbáà ṣe àgbà, ìbáà ṣe ọmọdé, àfi ẹsẹ̀ àjẹ́. Ẹni tí wọ́n bá fura sí, wọn a ní kí ó wá ti ẹsẹ̀ bọ̀ ọ́. Èkejì ni ilé ẹjọ́ àtijọ́, níbi tí wọ́n ti ń jókòó gbọ́ ẹjọ́ tọ̀tún-tòsì.

Ẹ wo ìyàtọ̀ tí ó wà láàárín méjèèjì. Ní ibi ojú ẹsẹ̀, ìfura ni ó ń pe ẹjọ́, àpáta ni ó ń dá a, ẹlẹ́rìí kò sí. Ní ilé ẹjọ́, a ó gbọ́ ti ẹni tí ó fẹ̀sùn kàn, a ó gbọ́ ti ẹni tí a fẹ̀sùn kàn, a ó sì bèèrè ẹ̀rí kí a tó fẹnu ba ìdájọ́. Àwọn baba wa ti sọ ọ́ tẹ́lẹ̀: agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà. A ti sọ̀kalẹ̀ láti orí òkè tipẹ́, ṣùgbọ́n ẹ̀rù ń bà mí pé ojú ẹsẹ̀ ni ọ̀pọ̀ nínú wa gbé sọ̀kalẹ̀, tí a sì fi ilé ẹjọ́ sílẹ̀ sókè.

Ìlú tí kò ní èèwọ̀ kò sí láyé, bẹ́ẹ̀ ni èyí tí kò ní arúfin kò sí. Bí ìlú bá ti ń ṣe sí ẹni tí wọ́n pè ní olè ni a fi ń mọ̀ bóyá òfin ń bẹ níbẹ̀. Ní ọdún 2001, ariwo ta ní Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun pé àwọn kan ń fọwọ́ kan ọkùnrin, tí nǹkan ọmọkùnrin rẹ̀ sì ń pòórá. Àwọn èrò mú àwọn tí wọ́n fura sí, wọ́n lù wọ́n, wọ́n sì dáná sun wọ́n. Ta ni ó kọ́kọ́ yẹ̀ ẹ́ wò bóyá ohun tí wọ́n ní ó pòórá kò sí ní àyè rẹ̀? Ní ọjọ́ 5 oṣù kẹwàá ọdún 2012, ní Aluu lẹ́bàá Port Harcourt, wọ́n pa akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì mẹ́rin tí wọ́n pè ní olè, wọ́n sì ń ya fídíò wọn bí wọ́n ti ń kú. Ní ọdún 2017, ilé ẹjọ́ gíga dá ẹjọ́ ikú fún ènìyàn mẹ́ta lórí ọ̀ràn náà. Ọlọ́pàá kan wà nínú wọn.

Kí ẹnikẹ́ni nínú wa má ṣe sọ pé ọ̀rọ̀ àwọn ẹlòmíràn nìyẹn. Ní ọjọ́ 12 oṣù karùn-ún ọdún 2022, ní Sókótó, àwọn Mùsùlùmí bí tiwa pa akẹ́kọ̀ọ́bìnrin ẹlẹgbẹ́ wọn, wọ́n ní ó sọ̀rọ̀ àbùkù sí Ànábì. Ààfin Sultan fúnra rẹ̀ bu ẹnu àtẹ́ lu ìwà náà. Èmi náà ń bu ẹnu àtẹ́ lù ú níwájú yín lónìí, nítorí pé Ànábì tí wọ́n ní àwọn ń gbèjà rẹ̀ kò kọ́ wa bẹ́ẹ̀.

Maiz ọmọ Malik tọ Ànábì wá, ó fi ẹnu ara rẹ̀ jẹ́wọ́ àgbèrè. Ànábì gbé ojú kúrò lọ́dọ̀ rẹ̀ títí ó fi sọ ọ́ lẹ́ẹ̀mẹrin, ó sì bèèrè bóyá orí rẹ̀ dàrú ni. Ẹni tí ó jẹ́wọ́ fúnra rẹ̀ nìyẹn o! Mélòó-mélòó ni ẹni tí ń sunkún pé òun kò mọ̀ nípa rẹ̀? Nínú Súrà Núúrù, àáyà kẹrin, ẹni tí ó bá fi ẹ̀sùn àgbèrè kan obìnrin tí ó pa ara rẹ̀ mọ́, tí kò sì mú ẹlẹ́rìí mẹ́rin wá, òun gan-an ni a ó na ní pàṣán 80. Nínú Súrà Hújúráátì, àáyà kẹfà, Ọlọ́hun pa á láṣẹ kí a wádìí ìròyìn tí arúfin bá mú wá, kí a má baà fi àìmọ̀ ṣe ènìyàn ní ibi, kí a sì wá kábàámọ̀.

Mo mọ ohun tí àbámọ̀ yẹn ń jẹ́. Nígbà tí mo wà ní yunifásítì, mo ń ti ìrun Jímọ̀ bọ̀ ní ọjọ́ kan, mo gbọ́ ariwo, “Olè! Olè!” Èrò ti yí ọkùnrin kan ká. N kò rí i nígbà tí ó jalè. N kò mọ ohun tí ó sọnù, n kò mọ ẹni tí ó ni ín. Mo ṣa òkúta kan, mo sì sọ ọ́. Ní ọjọ́ kejì ni a gbọ́ pé ọkùnrin náà ti kú. Títí di òní, n kò mọ̀ bóyá olè ni, n kò sì mọ̀ bóyá òkúta mi bà á. Mo ti tọrọ àforíjìn lọ́wọ́ Ọlọ́hun láìmọye ìgbà. Ṣùgbọ́n ẹ̀tọ́ ẹ̀dá, ọwọ́ ẹ̀dá ni àforíjìn rẹ̀ wà, n kò sì mọ ilé ìyá rẹ̀ tí ǹ bá lọ bẹ̀ ẹ́. Ohun tí n ó bá pàdé ní ọjọ́ ìṣirò nìyẹn.

Mo mọ èsì tí ẹ ní lẹ́nu. Ẹ ó ní olè tí a mú lówùúrọ̀ a máa kí wa nírọ̀lẹ́, torí pé ó ti fún wọn lówó. Ẹ ó ní ẹjọ́ ń falẹ̀. Òótọ́ ni, ju ìlàjì lọ nínú àwọn tí ó wà lẹ́wọ̀n ní Nàìjíríà ni a kò tíì dá ẹjọ́ wọn. Ṣùgbọ́n ẹ wo àwọn tí ń kú lọ́wọ́ èrò dáadáa. Ẹni tí wọ́n ní ó jí adìẹ ni, tàbí fóònù, tàbí àpò kòkó kan. Èrò kì í dáná sun ẹni tí ó kó owó ìlú jẹ. Òun ni a ń fún ní àga iwájú, àní nínú ayẹyẹ mọ́ṣáláṣí. Nígbà tí obìnrin kan láti ìdílé ọlọ́lá Makhzum jalè, tí wọ́n rán Usama ọmọ Zayd sí Ànábì kí ó bá wọn bẹ̀bẹ̀, Ànábì bínú. Ó ṣàlàyé pé ohun tí ó pa àwọn tí ó ṣáájú wa run ni pé wọn a máa fi ọlọ́lá tí ó jalè sílẹ̀, wọn a sì fi ìyà jẹ aláìlágbára.

Òfin ilẹ̀ wa kò lòdì sí ohun tí mo ń sọ. Ìwé òfin Nàìjíríà ti ọdún 1999, ní abala 36, sọ pé aláìṣẹ̀ ni a ó ka ẹni tí a fẹ̀sùn kàn sí títí ẹ̀rí yóò fi dá a lẹ́bi. Òfin ìwà ọ̀daràn tí a ń lò ní ìhà gúúsù sì ka pípe ènìyàn ní àjẹ́ sí ẹ̀ṣẹ̀.

Nítorí náà, ẹ̀yin ọ̀dọ́, bí ẹ bá gbọ́ “Olè!” ní ọjà tàbí ní oko kòkó, ẹ dúró sí àárín èrò àti ẹni náà. Ẹ mú un, ẹ má lù ú. Ẹ fà á lé ọlọ́pàá lọ́wọ́, tàbí Amọ̀tẹ́kùn tí òfin Ìpínlẹ̀ Oǹdó dá sílẹ̀ ní ọdún 2020. Àwọn náà kò ní àṣẹ láti dájọ́. Lẹ́yìn náà, ẹ tẹ̀lé ẹjọ́ náà dé ilé ẹjọ́, kí ẹni tí ó rí i lọ jẹ́rìí. Ibi tí a ti ń sá fún ìjẹ́rìí ni olè ti ń rí ọ̀nà lọ. Bí a bá sì fi fídíò ẹni tí wọ́n ń lù ránṣẹ́ sí yín, kí ó kú sọ́wọ́ yín.

Kí Ọlọ́hun fi orí jì wá lórí ohun tí ọwọ́ wa ti ṣe. Kí Ó má ṣe jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ aláìṣẹ̀ tún wà lọ́rùn ẹnikẹ́ni nínú wa. Àmín.