Omi Ìyè ní Òkè-Oòyè: Bí Àwọn Òpìtàn Ṣe Túmọ̀ Ìsọjí Ọdún 1930



Ní oṣù Keje ọdún 1930, ní Òkè-Oòyè, Iléṣà, ogunlọ́gọ̀ ènìyàn wọ́ tọ Joseph Ayọ̀ Babalọlá, ẹni tí ó ti ń wa ẹ̀rọ tí a fi ń tẹ ọ̀nà rí, kí ó gbàdúrà sí omi fún wọn. Omi ìyè ni wọ́n pè é. Ìdí tí wọ́n fi wá ni àwọn òpìtàn kò tí ì fẹnu kò lé lórí.

Àwọn kan ní ọ̀wọ́n owó ni, nítorí pé iye kòkó ṣẹ̀ṣẹ̀ já wálẹ̀. Ṣùgbọ́n àjàkálẹ̀ àrùn ọdún 1918 ni ó ti kọ́kọ́ kó Joseph Ṣadare àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ jọ fún àdúrà ní Ìjẹ̀bú-Òde. J. D. Y. Peel, nínú ìwé rẹ̀ ti 1968, tọ ipa èrò àwọn ènìyàn náà fúnra wọn: agbára tí ẹ̀sìn ní láti tún ayé ẹni ṣe ni Yorùbá fi ń wọ̀n ọ́n. Robin Horton gba ọ̀rọ̀ náà lẹ́nu rẹ̀ ní 1971, ó ní bí ayé bá ti fẹ̀ kọjá abúlé, ojú a kúrò lára òrìṣà lọ sọ́dọ̀ Ọlọ́run. Humphrey Fisher kọ̀ fún un ní 1973 pé ẹ̀sìn onímọ̀ ìwé ní agbára tirẹ̀.

Lítíréṣọ̀ ni iṣẹ́ mi, èdè ni mo sì fi ń bá Horton jà. Àgbẹ̀ tí kò jáde lábúlé rí náà ń fi orúkọ Olódùmarè súre láàárọ̀ lálẹ́. Bákan náà ni omi: àwọn olóri Ọ̀ṣun ti ń fi omi tútù wo ọmọ sàn kí Babalọlá tó dé. Ṣé ẹ̀sìn àtijọ́ ni ó wá pa aṣọ dà? N kò gbà. Àwọn tí ó gba omi náà kan náà ni ó kó ère àti oògùn wá fún sísun. Omi ni wọ́n mọ̀ tẹ́lẹ̀. Olúwa omi ni ó yí padà.

Ìjọba amúnisìn náà ní ìtumọ̀ tirẹ̀, ìyẹn rúkèrúdò. Òun nìkan ni ìtumọ̀ tí ó fi ènìyàn sẹ́wọ̀n: ní 1932, Babalọlá ṣe oṣù mẹ́fà ní Benin nítorí ọ̀rọ̀ àjẹ́.

Ìyá mi ní Ẹ̀pẹ́ kò ka Peel. Ìgò omi àdúrà rẹ̀ wà nígun yàrá títí ó fi kú, n kò sì bi í léèrè ohun tí ó ń gbọ́ nínú ọ̀rọ̀ náà, "ìyè". Bí ẹnikẹ́ni nínú yín bá ní ìwé ẹ̀rí tí òbí rẹ̀ kọ nílé, ẹ jọ̀wọ́, ẹ jẹ́ kí a dà á kọ kí ikán tó jẹ ẹ́.