Oògùn Ìrora Tó Di Irinṣẹ́

Bí a bá ti dárúkọ oògùn olóró, ọkàn ọ̀pọ̀ wa a máa lọ sọ́dọ̀ ọmọ ìta tó ń fa igbó lábẹ́ afárá. Ọ̀rọ̀ lébìrà ni mo bá wá lónìí, àti ti ọlọ́kadà, àti ti awakọ̀ tírélà tó ń ti Èkó lọ Kánò láìsùn. Iṣẹ́ ni wọ́n ń tìtorí rẹ̀ lo oògùn.

Tramadol ni mò ń wí. Jámánì ni wọ́n ti kọ́kọ́ ṣe é, ó dé ọjà lọ́dún 1977. Ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣiṣẹ́ abẹ fún, tàbí tí jẹjẹrẹ ń dá lóró, ni dókítà ń kọ ọ́ fún: míligíráàmù 50 tàbí 100 lẹ́ẹ̀kan, kí gbogbo rẹ̀ lójúmọ́ má ju 400 lọ. Èyí tí wọ́n ń tà lẹ́yọ lẹ́yọ ní gáréèjì, ẹyọ kan lè jẹ́ 225, ó sì lè jù bẹ́ẹ̀.

Ẹ wo lébìrà níbi tí wọ́n ti ń da dẹ́ẹ̀kì ilé alájà. Kó tó gbé páànù kọnkéré àkọ́kọ́ karí, á ti ju ẹyọ kan sẹ́nu, á fi ọtí inú ọ̀rá lé e. Ọrùn ò dùn ún mọ́, ẹ̀yìn ò ro ó mọ́. Iye páànù tó bá gbé gòkè ni wọ́n máa san owó rẹ̀ fún un, nítorí náà, lójú tirẹ̀, oògùn yìí ò yàtọ̀ sí ṣọ́bìrì. Ọ̀gá tó ń rí ojú wọn tó pọ́n, tó sì dákẹ́ torí pé iṣẹ́ ń yá, ọwọ́ rẹ̀ wà nínú rẹ̀.

Bó bá pẹ́, ara á mọ̀ ọ́n, ẹyọ kan ò ní ràn án mọ́, á di méjì, á di mẹ́ta. Lọ́jọ́ kan, ẹni tí kò ní wárápá rí á ṣubú lulẹ̀, á máa gbọ̀n, itọ́ á máa hó lẹ́nu rẹ̀. Wọ́n á ní ayé ló ń ṣe é. Ó máa ń dùn mí dọ́kàn, torí bí wọ́n ṣe ń gbé e kiri ilé àdúrà, oògùn ọ̀hún ṣì wà nínú àpò ṣòkòtò rẹ̀.

Ìwádìí ọdún 2018 lórí oògùn lílò ní Nàìjíríà fi hàn pé ènìyàn mílíọ̀nù 14.3 ló lo oògùn olóró láàárín ọdún kan, mílíọ̀nù 4.6 ló lo oògùn ìrora bíi tramadol láìjẹ́ pé dókítà kọ ọ́ fún wọn. Gúúsù ìwọ̀-oòrùn, ilẹ̀ tiwa níbí, ni lílo oògùn olóró ti ga jù, ìdá 22.4 nínú ọgọ́rùn-ún. Bẹ́ẹ̀ a ti gbìyànjú ìbọn o: ní oṣù kẹrin ọdún 1985, ìjọba ológun yìnbọn pa ọkùnrin mẹ́ta l'Ékòó nítorí oògùn olóró. Ìbọn ò wo ẹ̀yìn ríro.

Ẹ̀yin tí ẹ ní ọmọ tó ń lo tramadol nílé, ẹ má dè é mọ́lẹ̀. Bó bá dá a dúró lójijì, ikun á máa dà nímú rẹ̀, á máa yán, á máa làágùn, á máa ṣu ìgbẹ́ gbuuru, kò sì ní rí oorun sùn. Àwọn dókítà, irú àwọn ti ilé ìwòsàn àrùn ọpọlọ ní Aró l'Abẹ́òkúta, mọ bí a ṣe ń dín in kù díẹ̀díẹ̀. Tó bá sì ti ṣe díẹ̀ tí kò fẹnu kàn án, ara rẹ̀ ò lè gba iye tó ń lò tẹ́lẹ̀ mọ́. Bó bá jáde ní ilé àdúrà tàbí ní ẹ̀wọ̀n, tó padà sí iye yẹn, pàápàá tó bá mu ọtí mọ́ ọn, èémí rẹ̀ lè dúró lójú oorun. Ẹ má jẹ́ kó dá sùn ní àwọn ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ tó bá jáde.