Ọyẹ́ Ń Bọ̀: A Kì Í Fi Iná Sórí Òrùlé Sùn

Kí oṣù kẹwàá ọdún tó parí, òjò a ti dágbére fún Kánò, Kàtsínà, Sókótó àti Màídúgùrì. Fún ọ̀sẹ̀ díẹ̀, ojú ọ̀run a mọ́ kedere, oòrùn a sì máa ràn láìsí ìdíwọ́. Lẹ́yìn náà, ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan nínú oṣù kọkànlá tàbí oṣù kejìlá, àwọn ará ìlú a jí, wọn a rí i pé ojú ọ̀run ti funfun bí ẹni pé a fi aṣọ bò ó, erùku fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ti bo orí tábìlì, ètè ọmọdé sì ti bẹ̀rẹ̀ sí í là. Àwọn Haúsá a ní hunturu dé. Àwọn Yorùbá a ní ọyẹ́ ti dé. Láti ọjọ́ náà títí di nǹkan bí àárín oṣù kẹta, ọyẹ́ ni yóò máa pàṣẹ fún olúkúlùkù, láti orí awakọ̀ òfuurufú dé orí ìyá olómi gbígbóná.

Afẹ́fẹ́ yìí kì í ṣe àlejò tí a kò mọ ilé rẹ̀. Láti aṣálẹ̀ Sàhárà, ní ìhà àríwá-ìlà-oòrùn, ni ó ti ń fẹ́ wá. Ní orílẹ̀-èdè Chad, láàárín òkè Tibesti àti òkè Ennedi, àyè kan wà tí afẹ́fẹ́ ń gbà kọjá pẹ̀lú agbára ńlá. Ibi tí ó ń já sí ni kòtò ilẹ̀ gbígbòòrò tí a ń pè ní Bodélé. Ní ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọdún sẹ́yìn, omi ni ó bo ibẹ̀, nígbà tí adágún Chad tóbi ju bí ó ti rí lónìí lọ fíìfíì. Nígbà tí omi náà gbẹ, ohun tó ṣẹ́kù ni ilẹ̀ funfun tó kúnná bí ẹ̀lùbọ́, èyí tí í ṣe àṣẹ́kù àwọn ohun ẹlẹ́mìí kéékèèké tó ti gbé inú omi náà rí. Òun ni afẹ́fẹ́ ń gbé sókè. Àwọn onímọ̀ gbà pé kò sí ibòmíràn ní gbogbo ayé tí erùku ti ń gbéra tó ibẹ̀. Erùku náà a kọjá lórí Nàìjíríà, a dé Gáná, apá kan nínú rẹ̀ a sì la òkun Àtìláńtíìkì kọjá dé Gúúsù Amẹ́ríkà.

Ẹni tó ti gbé ilẹ̀ tí yìnyín ti ń bọ́ lè fi òtútù ọyẹ́ rẹ́rìn-ín. Ní òru oṣù kìn-ín-ní ní Kánò, òtútù a máa mú dé nǹkan bí ìwọ̀n 13 lórí òṣùwọ̀n Celsius. Ní Jọ́ọ̀sì, ìlú tó ga ju 1,000 mítà lọ sí ojú òkun, ó lè mú jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ń fi ojú òṣùwọ̀n nìkan wò ó kò tíì mọ ọ̀ràn náà dé ìdí. Ilé ilẹ̀ olóòrùn ni a kọ́ kí afẹ́fẹ́ lè máa gba inú rẹ̀ kọjá, a kò kọ́ ọ kí ó lè mú ooru dúró. Aṣọ tó wà nínú àpótí ọ̀pọ̀ tálákà, aṣọ ìgbà ooru ni. Ara tó rí ooru tó ju ìwọ̀n 30 lọ ní ọ̀sán a tún bá òtútù pàdé lóru ọjọ́ kan náà. Àwọn tí èyí ń ni lára jù ni ọmọ tuntun, arúgbó, ẹni tó ní ikọ́ fée, àti àwọn tó ní àrùn ẹ̀jẹ̀ tí a ń pè ní fòníkú-fọ̀ladìde, nítorí òtútù àti àìmu omi tó a máa ru ìrora egungun wọn sókè.

Síbẹ̀, nínú ìjábá tí a ń gbọ́ lọ́dọọdún ní àkókò yìí, ohun kan hàn gbangba. Kì í ṣe òtútù fúnra rẹ̀ ni ó ń ṣe ọṣẹ́ tó pọ̀ jù. Ohun tí ènìyàn fi ń lé òtútù lọ ni: iná tí a dá, àti yàrá tí a tì pa. Nítorí náà, ìmúrasílẹ̀ ilé fún ọyẹ́ kò pin sí ríra aṣọ òtútù. Bí baálé ilé àti ìyá ilé yóò ṣe lo iná, àti bí wọn yóò ṣe jẹ́ kí ilé máa mí, ni kókó ọ̀rọ̀ náà.

Kí a kọ́kọ́ mú ọ̀ràn ẹyinná. Láti ayé àtijọ́ ni àwọn ará àríwá ti ń yáná lóru. Ní ilẹ̀ Haúsá, àwọn ibùsùn alámọ̀ wà tí a ń dá iná sí abẹ́ wọn kí ó lè móoru. Ṣùgbọ́n ilé ti yí padà. Òrùlé koríko a máa mí. Èéfín a máa rí ọ̀nà jáde, afẹ́fẹ́ a sì máa rí ọ̀nà wọlé. Ilé òní, búlọ́ọ̀kù àti sìmẹ́ńtì ni, ó ní àjà, ó ní fèrèsé onígíláàsì, ìyá ilé a sì tún ki aṣọ bọ abẹ́ ilẹ̀kùn nítorí erùku. Bí a bá gbé ìkòkò ẹyinná wọ inú irú yàrá bẹ́ẹ̀, èédú tó ń jó a máa tú afẹ́fẹ́ olóró kan jáde, èyí tí àwọn onímọ̀ ń pè ní carbon monoxide. Kò ní àwọ̀, kò ní òórùn, kì í ta ojú bí èéfín. Bí ó bá wọ inú ẹ̀jẹ̀, a gba àyè tí ó yẹ kí afẹ́fẹ́ rere gbà. Orí a kọ́kọ́ máa fọ́ ènìyàn, òòyì a kọ́ ọ, oorun a sì gbé e lọ. Ẹni tó ti sùn kò ní mọ ìgbà tí ó ń kú. Ẹ̀rọ jẹnẹrétọ̀ tí a gbé sí ẹnu ọ̀nà tàbí sábẹ́ fèrèsé a máa ṣe ohun kan náà.

Òfin ọ̀ràn yìí kò le. Èédú kì í wọ yàrá tí ènìyàn ń sùn, ì báà ṣe pé ó ti pupa tí kò sì rú èéfín mọ́. Kí àwọn ará ilé yáná ní gbangba tàbí ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ tó ṣí sílẹ̀, kí wọ́n fi omi pa á kí wọ́n tó wọlé sùn. Bí ilé bá ní òtútù, kí àwọn ọmọ sùn pọ̀ mọ́ ìyá wọn, kí a tẹ́ ẹní méjì lé ara wọn dípò ọ̀kan, nítorí òtútù ilẹ̀ kò kéré sí ti afẹ́fẹ́. Kí a fi fìlà bo orí ọmọ ọwọ́, kí a sì fi ìbọ̀sẹ̀ sí i lẹ́sẹ̀.

Ọ̀ràn kejì ni iná tó ń jó ilé. Nígbà ọyẹ́, ohun gbogbo gbẹ: koríko, pákó, aṣọ, àti afẹ́fẹ́ fúnra rẹ̀. Iná tí òjò ìbá pa ní oṣù keje a di iná tó ń gun afẹ́fẹ́ bí ẹṣin ní oṣù kìn-ín-ní. Ọjà ńlá ìlú Sókótó jóná ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 2021. Ọjà tí wọ́n ń pè ní Monday Market ní Màídúgùrì jóná ní oṣù kejì ọdún 2023. Ní ìlú Maradi, ní orílẹ̀-èdè Niger tó múlé ti Kàtsínà, iná jó àwọn yàrá ìkẹ́kọ̀ọ́ tí a fi koríko àti igi kọ́ ní oṣù kọkànlá ọdún 2021. Àwọn ọmọ kéékèèké tó lé ní 20 ni ó bá a lọ. Àwọn àgbà a máa ní ilé ọba tó jó, ẹwà ló bù sí i. Òwe ọba ni ìyẹn. Ilé tálákà tó jó, eérú ló bù sí i.

Iná ọyẹ́ kò fi dandan ní orísun ńlá. Àbẹ́là tí a lẹ̀ mọ́ orí àpótí, òògùn ẹ̀fọn tó ń jó lẹ́bàá kátíìnì, sìgá tí a jù sínú koríko, áyọ́ọ̀nù tí a kò yọ wáyà rẹ̀ nígbà tí iná mànàmáná lọ, tí ó sì padà wá nígbà tí kò sí ẹnì kankan nílé: ìwọ̀nyí tó láti sọ àdúgbò di eérú. Kí ọyẹ́ tó dé, ó yẹ kí a ro koríko àyíká ilé, kí a sì kó igi ìdáná jìnnà sí ògiri. Ó yẹ kí ìkòkò omi kan tàbí garawa iyanrìn máa wà lẹ́nu ọ̀nà ilé ìdáná, tí ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ lò fún ohun mìíràn. Kò yẹ kí epo bẹntiróòlù sùn nínú ilé rárá. Bí aṣọ bá gbiná lára ọmọ, kí ó má sáré, nítorí eré ń fẹ́ iná. Kí a dá a dùbúlẹ̀, kí a yí i nílẹ̀, kí a sì da omi sí i. Ojú ibi tó jó, omi tútù tó mọ́ ni oògùn rẹ̀ àkọ́kọ́ fún nǹkan bí ìṣẹ́jú 20, lẹ́yìn náà ilé ìwòsàn. Epo pupa, ẹyin àti ọṣẹ ìfọyín kò ní iṣẹ́ kankan níbẹ̀.

Ọ̀ràn kẹta ni yàrá tí a tì pa, tí ènìyàn mẹ́fà tàbí mẹ́jọ ń sùn sí. Láti Sẹ̀nẹ̀gà títí dé Ethiopia, ilẹ̀ gígùn kan wà tí àrùn yírùnyírùn ti ń jà nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, àríwá Nàìjíríà sì wà láàárín rẹ̀. Erùku àti afẹ́fẹ́ gbígbẹ a máa ha imú àti ọ̀nà ọ̀fun, kòkòrò àrùn a sì máa gba inú itọ́ àti ikọ́ bọ́ sára ẹlòmíràn níbi tí ènìyàn ti há mọ́ra. Ní ọdún 1996, àrùn yìí mú ènìyàn tó lé ní 100,000 ní Nàìjíríà, ó sì pa èyí tó lé ní 11,000. Láti ọdún 2010 ni abẹ́rẹ́ àjẹsára tuntun ti bẹ̀rẹ̀ ní Burkina Faso, Mali àti Niger, tó fi jẹ́ pé ẹ̀yà A, tó burú jù láyé ìgbà náà, fẹ́rẹ̀ẹ́ pòórá. Ṣùgbọ́n ní ọdún 2017, ẹ̀yà C gba Zamfara àti àwọn ìpínlẹ̀ tó yí i ká, ó sì pa ènìyàn tó lé ní 1,000. Ní ọdún 2024, Nàìjíríà di orílẹ̀-èdè àkọ́kọ́ lágbàáyé tó lo abẹ́rẹ́ tuntun tó ń dènà ẹ̀yà márùn-ún lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo.

Ó yẹ kí gbogbo ìyá mọ àmì rẹ̀: ibà líle, orí fífọ́, èébì, ọrùn tó le gbagidi, ojú tí kò fẹ́ rí ìmọ́lẹ̀, àti àwùjẹ̀ ọmọ ọwọ́ tó wú sókè. Kì í ṣe àrùn tí a ń fi agbo dúró dè di ọ̀la. Bí a bá tilẹ̀ tọ́jú rẹ̀, nǹkan bí ẹnì kan nínú mẹ́wàá ló ń kú. Àwọn mìíràn a sì di adití tàbí kí ọpọlọ wọn má pé mọ́. Fèrèsé tí a ṣí díẹ̀ lóru, tí a ta aṣọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ sí lójú nítorí erùku, sàn ju fèrèsé tí a kàn níṣòó lọ. Ẹni tó bá ń húkọ́, kí ó bo ẹnu, kí ó sì sùn lọ́tọ̀ bí àyè bá wà.

Ohun tó kù kò le. Kí ìkòkò omi mímu ní ìdérí, kí àgbà àti ọmọdé sì máa mu omi bí òùngbẹ kò tilẹ̀ gbẹ wọ́n. Òrí tí àwọn ìyá àgbà fi ń pa ara kò tíì di ohun ìtìjú. Ó dára fún ètè àti gìgísẹ̀. Kí a fi aṣọ tútù nu ilẹ̀ dípò kí a fi ìgbálẹ̀ gbé erùku sókè. Kí ẹni tó ní ikọ́ fée tàbí fòníkú-fọ̀ladìde ti ra oògùn rẹ̀ sílẹ̀. Kí ẹni tó fẹ́ wọ ọkọ̀ òfuurufú lọ sí Kánò tàbí Sókótó fi ọjọ́ kan kún ìrìn àjò rẹ̀, nítorí ọyẹ́ a máa dí ojú awakọ̀.

Ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo ẹrù ni ó tọ́ kí a dì lé baálé ilé lórí. Ilé iṣẹ́ tó ń wo ojú ọjọ́ ní Nàìjíríà a máa kéde erùku kí ó tó dé. Ó yẹ kí ìkéde náà dé abúlé ní èdè tí ará abúlé gbọ́. Abẹ́rẹ́ tó dé lẹ́yìn tí àrùn ti bẹ̀rẹ̀ ti pẹ́ ọjọ́ púpọ̀. Ọkọ̀ panápaná tí kò ní omi nínú, ẹlẹ́rìí ni, kì í ṣe olùgbàlà. Ọjà tí a kọ́ láìsí ọ̀nà tí ọkọ̀ náà lè gbà wọlé, iná ni a kọ́ ọ fún. Gbogbo ìwọ̀nyí, ìgbà òjò ni a ń ṣe wọ́n, nígbà tí kò sí ẹni tó ń rántí ọyẹ́.

Ọ̀rọ̀ náà kan àwọn ọmọ Yorùbá pẹ̀lú, kì í ṣe àwọn tó ń gbé Sabon Gari ní Kánò, Kàdúná àti Jọ́ọ̀sì nìkan. Afẹ́fẹ́ kan náà ni yóò dé Ọ̀yọ́ àti Ìlọrin lẹ́yìn ọjọ́ díẹ̀, bí agbára rẹ̀ tilẹ̀ ti dínkù. Ọyẹ́ kì í dé lójijì. Ọdọọdún ni, oṣù rẹ̀ kò sì yẹ̀. Àwọn àgbà ní a kì í fi iná sórí òrùlé sùn. Ilé tí ó bá ti pa ẹyinná, tí ó ti ro koríko, tí ó sì ti ṣí fèrèsé díẹ̀ kí ilẹ̀ tó ṣú, ni ó lè sùn.