Ta Ló Ń Ka Ìbò Wa? Àjọ, Ẹgbẹ́ àti Olùdìbò nínú Ìjọba Àwa-ara-wa

Ìdánilẹ́kọ̀ọ́ gbangba fún àwọn ọmọ Yorùbá tó ń gbé ní Television, Kaduna

Àwọn àgbà ní ààrò mẹ́ta kì í da ọbẹ̀ nù. Ààrò mẹ́ta ìjọba àwa-ara-wa ni àjọ elétò ìdìbò, ẹgbẹ́ òṣèlú àti àwa olùdìbò. Kaduna ti rí ohun tó ń ṣẹlẹ̀ bí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn bá yẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ lọ́dọ̀ àjọ. Méjì ni wọ́n. INEC ló ń ṣètò ìbò ààrẹ, gómìnà àti aṣòfin. Ti alága ìjọba ìbílẹ̀ àti kánsẹ́lọ̀, àjọ ìpínlẹ̀ ló ni ín. Tiwa níbí ni KAD-SIECOM. Òfin ilẹ̀ wa ti 1999 ní kí gómìnà yan àwọn tó ń darí àjọ ìpínlẹ̀, kí ilé aṣòfin ìpínlẹ̀ sì fọwọ́ sí i. Ibẹ̀ ni wàhálà ti ń bẹ̀rẹ̀, torí ẹni tí ẹgbẹ́ rẹ̀ ń du ipò ló ń yan ẹni tí yóò ka ìbò.

Síbẹ̀, Kaduna ti fi hàn pé ìbò ìjọba ìbílẹ̀ tó mọ́ ṣeé ṣe. Ní oṣù karùn-ún ọdún 2018, ìpínlẹ̀ yìí ló kọ́kọ́ fi ẹ̀rọ dìbò ìjọba ìbílẹ̀ ní Nàìjíríà. Wọ́n tún lo ẹ̀rọ ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2021, ẹgbẹ́ PDP sì na APC tó ń ṣèjọba ní ibùdó tí Nasir El-Rufai, gómìnà ìgbà náà, fúnra rẹ̀ ti dìbò. Àmì rere nìyẹn. Ṣùgbọ́n ní ọjọ́ 19 oṣù kẹwàá ọdún 2024, gbogbo ipò alága 23 àti kánsẹ́lọ̀ 255 ló bọ́ sọ́wọ́ APC tó ń ṣèjọba. Bẹ́ẹ̀, nínú ìbò gómìnà ọdún 2023, APC ní 730,002, PDP ní 719,196. Ìyàtọ̀ 10,806 péré!

Kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹgbẹ́ kan ṣoṣo. Ní Ọ̀yọ́ lọ́dún 2024, PDP ló kó gbogbo ìjọba ìbílẹ̀ 33. Ní Èkó lọ́dún 2025, APC ló kó gbogbo ipò alága 57. Ẹgbẹ́ tí gómìnà bá wà ló sábà máa ń gbá gbogbo rẹ̀ lọ. Tèmi ni pé kí a gba yíyan àjọ yìí kúrò lọ́wọ́ gómìnà. Ẹ̀rọ kankan kò lè ṣe é fún wa.

Ẹgbẹ́ òṣèlú ńkọ́? Òfin wa kò gba olùdíje aládàáni láyè. Ẹni tí ẹgbẹ́ kò bá fà kalẹ̀, kò lè díje rárá. Nítorí náà, ìbò abẹ́lé ni ìbò àkọ́kọ́. Bí àwọn díẹ̀ bá ti gbowó yan olùdíje lóru, kí ló kù fún wa lọ́jọ́ ìbò ju pé ká mú lára ohun tí wọ́n bá gbé síwájú wa? Ẹ forúkọ sílẹ̀ nínú ẹgbẹ́ ní wọ́ọ̀dù yín.

Ẹ má sì fojú kéré ìbò aṣòfin. Ní 1979, Balarabe Musa ti ẹgbẹ́ PRP wọlé gómìnà ìpínlẹ̀ Kaduna, nígbà tí Katsina ṣì wà nínú rẹ̀. Nínú aṣòfin ìpínlẹ̀ 99, ẹgbẹ́ NPN ní 64, PRP ní 16 péré. Àwọn aṣòfin náà kọ̀, wọn ò fọwọ́ sí àwọn kọmíṣọ́nnà tó fẹ́ yàn, ìjọba ò sì lè rìn bó ṣe yẹ. Ní ọjọ́ 23 oṣù kẹfà ọdún 1981, wọ́n yọ ọ́. Òun ni gómìnà àkọ́kọ́ tí aṣòfin yọ nípò ní Nàìjíríà.

Ó wá kan àwa olùdìbò. Lọ́dún 2023, nínú èèyàn 93,469,008 tó forúkọ sílẹ̀ káàkiri Nàìjíríà, 25,286,616 ló jáde wá dìbò ààrẹ. Ọ̀pọ̀ wa ní Television ń sọ pé àlejò ni wá, ilé la ti máa dìbò. Nígbà tí ọjọ́ bá pé, a ò ráyè lọ, ìbò náà ṣòfò. Bẹ́ẹ̀ ibí là ń gbé: gọ́tà tó dí lẹ́nu ọ̀nà wa, ìjọba ìbílẹ̀ Chikun ni yóò kó o. INEC gbà wá láyè láti gbé orúkọ wa wá síbi tí a ń gbé. Ẹ lọ ṣe é.

Bí a bá dìbò tán, ẹ má tètè lọ sílé. Lẹ́yìn kíka ìbò INEC, wọ́n ń kọ èsì sínú fọ́ọ̀mù EC8A, aṣojú ẹgbẹ́ á buwọ́ lù ú, á sì gba ẹ̀dà tirẹ̀. Òṣìṣẹ́ INEC tún gbọ́dọ̀ lẹ ìwé èsì EC60E mọ́ ògiri ibùdó kí gbogbo èèyàn lè kà á. Ẹ ya fọ́tò rẹ̀. Bí iye tí wọ́n kéde lókè bá yàtọ̀ sí iye tó wà lára ògiri, ẹ̀rí wà lọ́wọ́ yín.

Ìdí tí mo fi ń tẹnu mọ́ ọn ni ọdún 2011. Lẹ́yìn ìbò ààrẹ ọdún náà, èèyàn tó lé ní 800 ló kú ní ìpínlẹ̀ 12 lókè Ọya, Kaduna sì wà lára ibi tó le jù. Àwọn ọ̀dọ́ tó gbà pé wọ́n ti yí ìbò ló kọ́kọ́ jáde sójú títì. Èsì tí gbogbo èèyàn lè kà fúnra wọn ni kò ní jẹ́ kí irú rẹ̀ tún ṣẹlẹ̀. Ẹ bèèrè rẹ̀ lọ́wọ́ INEC, ẹ bèèrè rẹ̀ lọ́wọ́ KAD-SIECOM pẹ̀lú: èsì ibùdó kọ̀ọ̀kan, ní gbangba, lọ́jọ́ ìbò gan-an. Ẹ̀tọ́ yín ni.