Ẹ Jẹ́ Kí Ẹbí Túfọ̀ Kí Status Tó Túfọ̀
Ọ̀rọ̀ tí alákòóso ẹ̀ka ọ̀dọ́ bá àwọn ọmọ ìlú sọ níbi ìpàdé ẹgbẹ́

Ọmọdé ni mí láàárín yín; tó bá ṣe bí òwe, ẹ̀yin àgbà lẹ ni ín.

Ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́, WhatsApp ti ṣe wá lóore. Kó tó dé lọ́dún 2009, ọmọ ìlú tó wà ní London máa ń ra káàdì kó tó lè gbóhùn ìyá rẹ̀ fún ìṣẹ́jú díẹ̀. Lónìí, ìyá ń rí ojú ọmọ-ọmọ rẹ̀ nínú fóònù. Owó tí a ń dá fún ìlú, orí gúrúùpù la ti ń ṣètò rẹ̀.

Àmọ́ nǹkan kan ń bàjẹ́ mọ́ wa lọ́wọ́: bí a ṣe ń túfọ̀. Nílẹ̀ Yorùbá, a kì í ṣàdédé já ọ̀rọ̀ ikú lu èèyàn. Àwọn àgbà á kọ́kọ́ jókòó. Wọ́n á ránṣẹ́ sí ọmọ pé, "Ara ìyá ẹ ò yá díẹ̀, máa bọ̀ nílé." Kó tó gbọ́ òdodo ọ̀rọ̀, ẹni tó máa dì í mú ti wà nítòsí.

Ní báyìí ńkọ́? Kí wọ́n tó gbé òkú kúrò ní ọsibítù, fọ́tò ti wà lórí status, "RIP" ti gba gbogbo gúrúùpù. Ọmọ tó wà lẹ́nu iṣẹ́ l'Ékòó á kàn ṣí fóònù, á bá orúkọ ìyá rẹ̀ níbẹ̀. Ta ló máa dì í mú?

Kò yọ ọba sílẹ̀. Nígbà tí Ọ̀ọ̀ni Okùnadé Ṣíjúwadé wàjà ní London lóṣù keje ọdún 2015, ìròyìn ti kún orí íntánẹ́ẹ̀tì nígbà tí àwọn ìjòyè ṣì ń sọ pé kò sóhun tó ṣe Kábíyèsí. Oṣù kẹjọ ni ààfin tó kéde rẹ̀. Àwọn kan fi àwọn ìjòyè ṣe yẹ̀yẹ́, bẹ́ẹ̀ àṣà ni wọ́n ń tẹ̀ lé.

Ẹ̀bẹ̀ tí ẹ̀ka ọ̀dọ́ fẹ́ bẹ̀ yín nìyí:

1. Bí ẹnì kan bá kú, ẹ jẹ́ kí ẹbí rẹ̀ kọ́kọ́ sọ ọ́ síta. Títí dìgbà yẹn, ká dákẹ́.

2. Ẹ má fi fọ́tò aláìsàn tàbí ti ẹni tó ní jàǹbá ọkọ̀ ránṣẹ́.

3. "Take heart" orí fóònù nìkan ò tó. Ẹni tó bá wà nílé, kó fẹsẹ̀ ara rẹ̀ lọ kí ọlọ́fọ̀. Ẹni tó wà lókè òkun, kó pè é, kó gbóhùn rẹ̀.

4. Ẹ̀yin ọ̀dọ́, bí àgbà kan bá ṣi ọ̀rọ̀ fi síta, ẹ má bú u lójú gbogbo ayé. Ẹ pè é lọ́tọ̀, kẹ́ ẹ rọra bá a sọ ọ́.

Ẹyin lọ̀rọ̀, tó bá ti bọ́, kò ṣé kó. Ẹ lè pa á rẹ́ lórí gúrúùpù, ẹni tó ti kà á ti kà á.

Ọlọ́run ò ní jẹ́ ká fojú rí ọ̀rọ̀ ẹkún lórí fóònù. Ìlú wa á máa tẹ̀síwájú.