Ẹyin Yíyan pẹ̀lú Ata Sísun

A mọ̀ pé láti oko kòkó ni ẹlòmíràn ti wá síbí, láti ọjà Àpòmù ni ẹlòmíràn ti dé, ó sì ti rẹ̀ yín. A kò ní pẹ́. Ọ̀rọ̀ oúnjẹ ni a fẹ́ bá yín sọ ní Ìkirè níbí lálẹ́ òní, nítorí náà kí ẹni tí ebi ń pa rọra fara dà á.

Ẹ kọ́kọ́ wo ọ̀rọ̀ tí a kọ sí ojú pátákó: ẹyin. Èyí ni ohun tí adìẹ ń yé. Bí ẹ bá yí àmì orí rẹ̀ padà, ó di ẹ̀yìn, ibi tí a ń pọn ọmọ sí. Ó tún lè di ẹ̀yin, ìyẹn ẹ̀yin tí ẹ jókòó síwájú wa yìí. Ẹyín iná náà ń bẹ níbẹ̀. Ẹyin àti ẹyín iná ni a ó jọ lò lónìí, kí ẹ má ṣe ka ọ̀kan sí èkejì.

Kí a tó dáná, ẹ jẹ́ kí a sọ ohun kan tí ó ṣẹlẹ̀ sí wa. Nígbà tí a jẹ́ ọ̀gá ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, wọ́n mú ọmọkùnrin kan wá bá wa. Kò ju ọmọ ọdún mẹ́jọ lọ. Ó jí ẹyin méjì nínú ìtẹ́ adìẹ ẹnì kan lẹ́bàá ilé-ìwé, ó sì fọ́ wọn mu ní tútù. A nà án ní pàṣán mẹ́fà. Nígbà tí ìyá rẹ̀ dé, ó kúnlẹ̀, ó ní, "Ọ̀gá, ẹ ṣeun. Ẹ tún bá mi nà án sí i. Adìẹ mẹ́sàn-án ni mo ní nílé, n kò fún un lẹ́yin jẹ rí, kí ó má baà ya olè."

A dákẹ́, a kò rí èsì fún un. Ọmọ tí wọn kò fún ní ẹyin nítorí olè, òun gan-an ni ó jí ẹyin. Àwa tí a kàwé, tí a ń kọ́ ọmọ ní ìwé, kò sì sí ẹnì kan nínú wa tí ó bi í bóyá ó jẹun kí ó tó kúrò nílé. Ọ̀rọ̀ náà ń dùn wá títí di òní.

Àwọn àgbà wa ni ó sọ pé ọmọ tí ó bá ń jẹ ẹyin yóò jalè. A kò bú wọn. Bóyá ẹyin kò pọ̀ nígbà náà, tí wọ́n sì fẹ́ kí adìẹ pa á kí ó di òròmọdìẹ. Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ èyí. Ní 1933, dókítà obìnrin kan, Cicely Williams, tí ó ń ṣiṣẹ́ ní Gold Coast, ìyẹn Gánà òde òní, kọ̀wé nípa àìsàn kan tí ó ń mú àwọn ọmọ tí a ti já lẹ́nu ọmú, tí wọ́n ń jẹ oúnjẹ àgbàdo ṣáá. Ẹsẹ̀ wọn a wú, irun wọn a pọ́n, awọ ara wọn a máa bó. Orúkọ tí àwọn ará Gáà ń pe àìsàn náà, kwashiorkor, ni gbogbo ayé ń pè é báyìí. Ó jẹ́ àìsàn ọmọ tí àbúrò ti gba àyè rẹ̀ lọ́wọ́ ìyá. Àwa náà ti rí irú ọmọ bẹ́ẹ̀. Ọmọ tí ó bá ti rí báyìí, ilé ìwòsàn ni kí ẹ gbé e lọ, ẹ má dúró gbọ́ ọ̀rọ̀ aládùúgbò. Ṣùgbọ́n kí ó má baà rí bẹ́ẹ̀ ni a ṣe ń sọ̀rọ̀ ẹyin. Ní 2023, Àjọ Ìlera Àgbáyé gbé ìwé jáde pé kí ọmọ tí ó ti pé oṣù mẹ́fà títí dé ọdún méjì máa jẹ ẹran, ẹja tàbí ẹyin lójoojúmọ́.

Bàbá kan ní ọ̀sẹ̀ tí ó kọjá ní, "Tíṣà, ẹyin tí a fẹ́ tà ra ìwé ọmọ ni ẹ ní kí a jẹ?" Ọ̀rọ̀ rẹ̀ dára. A kò ní kí ẹ jẹ gbogbo rẹ̀. Ẹyin mẹ́fà péré ni èyí tí a fẹ́ sè, ó sì lè tó ènìyàn mẹ́fà. Ẹni tí ó bá fẹ́ dín in kí ó dín in.

Ó dáa, ẹ jẹ́ kí a sè é. Ẹ wá tátàṣé mẹ́rin, tòmátì márùn-ún, àlùbọ́sà ńlá méjì, ata rodo kan (kí ẹni tí ó ní ọmọ kékeré yọ ti rodo kúrò), àgbagbà kan tí ó pọ́n dáadáa, ṣíbí epo pupa mẹ́ta, ẹja yíyan díẹ̀ tí a ti yọ egungun rẹ̀, àti iyọ̀. Ẹ bá àwọn aláta ná an pẹ̀lẹ́ o. Ìjà orí ataare ní ọjà Àpòmù ni Samuel Johnson, nínú ìwé ìtàn rẹ̀ tí wọ́n tẹ̀ ní 1921, sọ pé ó fa ogun Òwu. Kí àwọn ará Orílẹ̀-Òwu tí ó wà láàárín wa má bínú.

Ẹ kó tátàṣé, tòmátì àti àlùbọ́sà lé orí ẹyín iná, kì í ṣe orí iná tí ń jó lálá. Ẹ máa yí wọn. Nígbà tí èèpo tátàṣé bá dúdú tí ó sì wú, ẹ kó gbogbo rẹ̀ sínú abọ́, ẹ dé e fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Èèpo yóò bó fúnra rẹ̀. Ẹ má fi omi ṣàn án, adùn rẹ̀ ni ẹ ń ṣàn dànù yẹn. Ẹ sun àgbagbà náà títí yóò fi rọ̀, kí ẹ sì gé e wẹ́wẹ́. A kò ní kọ́ ará Ìkirè ní ohun tí a ń fi ọ̀gẹ̀dẹ̀ ṣe. Ẹ̀yin ni ẹ ń mú èyí tí ó pọ́n jù, tí ẹlòmíràn ì bá dà nù, tí ẹ ń gún un mọ́ ata àti iyọ̀, tí ẹ ń fi epo din ín di dòdò Ìkirè tí àwọn èrò ọkọ̀ ń dúró rà.

Ọ̀rọ̀ ẹyin wá kù. Ẹ gbé ẹyin sínú omi. Èyí tí ó bá sùn sí ìsàlẹ̀ ṣì dára. Èyí tí ó bá nàró ti pẹ́ díẹ̀. Èyí tí ó bá léfòó, ẹ sọ ọ́ nù. Síbẹ̀, ọ̀kọ̀ọ̀kan ni kí ẹ fọ́ wọn sínú ife kí ẹ tó dà wọ́n pọ̀. A ti fi ẹyin kan tí ó bàjẹ́ ba márùn-ún jẹ́ rí, ìyàwó wa kò sì tí ì gbàgbé. Ẹ lù wọ́n pọ̀ pẹ̀lú iyọ̀ ṣíbí kékeré kan tí kò kún.

Ẹni tí kò ní ààrò bí ti ilé búrẹ́dì kò ní ìṣòro. Ẹ da iyanrìn gbígbẹ, jíjìn ìka méjì, sí ìsàlẹ̀ ìkòkò irin ńlá, ẹ dé e, ẹ gbé e ka iná fún ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún kí ó gbóná. Ẹ fi epo pa inú ìṣasùn kékeré, ẹ to àgbagbà sí ìsàlẹ̀ rẹ̀, ẹ gé ata àti àlùbọ́sà sísun lé e, ẹ wọ́n ẹja sí i, ẹ da ẹyin lé gbogbo rẹ̀, kí ẹ sì wọ́n epo tí ó kù sí ojú rẹ̀. Ẹ gbé ìṣasùn náà sórí iyanrìn, ẹ fi ọmọrí irin dé ìkòkò, ẹ kó ẹyín iná lé ọmọrí náà. Iná ìsàlẹ̀ kò gbọdọ̀ pọ̀. Ti òkè ni ó ń jẹ́ kí ojú rẹ̀ pọ́n.

Ẹ má ṣí i wò kí ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n tó pé. Àwọn ìyá, ẹ̀yin ni a ń bá wí. Nígbà tí ó bá pé, ẹ ti ọ̀bẹ bọ àárín rẹ̀. Bí omi ẹyin bá lẹ̀ mọ́ ọ̀bẹ, ẹ dá a padà. Ẹyin tí kò jinná lè ní kòkòrò tí ojú kò rí, tí ń fa inú rírun àti ìgbẹ́ gbuuru, ọmọdé ni ó sì máa ń dà láàmú jù.

Kì í ṣe oúnjẹ àjèjì rárá. Ní Tùnísíà, ní àríwá ilẹ̀ Áfíríkà wa yìí, wọ́n ń fọ́ ẹyin sórí ata àti tòmátì tí ó ń hó, wọ́n ń pè é ní shakshuka. Tiwọn pọn omi ju èyí lọ. A fẹ́ràn tiwa tí ó ṣeé gé sọ́wọ́.

Ọjọ́bọ̀ tí ń bọ̀ ni a ó sè é níbí lẹ́yìn ìwé kíkà. Kí olúkúlùkù mú ẹyin kan wá, kí ẹni tí ó ní ìkòkò irin ńlá gbé e wá. Kí ẹ mú àwọn ọmọ dání, àwọn ni a ó kọ́kọ́ bù fún. Èédú ń bẹ nílẹ̀.