Iṣẹ́ Kan Ṣoṣo Lójú Ogun

Nígbà tí ọ̀rẹ́ mi kan, tí òun náà jẹ́ olùkọ́, gbọ́ pé eré orí ẹ̀rọ ni mo fẹ́ wá sọ̀rọ̀ lé lórí, ó bi mí pé ṣé ọ̀rọ̀ àgbà ni èyí. Mo dá a lóhùn pé baba tèmi a máa jókòó ti ọpọ́n ayò láti ìrọ̀lẹ́ títí ilẹ̀ yóò fi ṣú, kò sì sí ẹni tí ó bi í bẹ́ẹ̀.

Final Fantasy Tactics ni orúkọ eré náà. Ilé-iṣẹ́ Square ní ilẹ̀ Japan ni ó gbé e jáde ní ọdún 1997 fún ẹ̀rọ PlayStation, Yasumi Matsuno ni ó sì darí iṣẹ́ náà. Wọ́n tún un ṣe ní 2007, wọ́n sì tún gbé e jáde ní 2025. Ti 1997 ni mo mọ̀ jù, òun ni n óò sì máa tọ́ka sí. Ìtàn ogun ni. Ní ilẹ̀ àròsọ kan tí à ń pè ní Ivalice, ọba wàjà, àrólé rẹ̀ sì jẹ́ ọmọ ọwọ́, ni àwọn ìjòyè ńlá méjì, Larg àti Goltana, bá dojú ìjà kọ ara wọn lórí ẹni tí yóò ṣe adelé. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí ń jẹ́ Ramza, ọmọ ilé ọlọ́lá, ni a óò máa tọ̀ lẹ́yìn. Ojú ogun pín sí ojú-ilé kéékèèké bí aṣọ onígun mẹ́rin, kálukú ń rìn nígbà tí ó bá kàn án, ẹni tí ara rẹ̀ yá sì ń kàn ju ẹni tí ó lọ́ra lọ. Ẹni tí ó bá ṣubú kò tíì kú tán. A óò máa ka iye àyè tí ó kù ún láti mẹ́ta wá sílẹ̀, bí a kò bá sì jí i kí iye náà tó tán, ó lọ pátápátá nìyẹn. Bí ó bá jẹ́ Ramza ni, eré parí.

Ogún iṣẹ́ ni àwọn ọmọ ogun lè kọ́: tafàtafà, apòògùn, onídán funfun tí ń wo ọgbẹ́, onídán dúdú tí ń sán àrá, olè, ọlọ́kọ̀, akànṣẹ́, àti àwọn mìíràn. Adùn eré náà sì ni pé ohun tí ènìyàn kọ́ nínú iṣẹ́ kan kì í ṣòfò. Ẹni tí ó ti ṣe apòògùn rí lè gbé idà lónìí, kí ó sì máa fi oògùn ran ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ́wọ́. Àgbájọ ọwọ́ ni a fi ń sọ̀yà, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ṣe eré náà.

Àwọn kan wá ta ko èyí. Wọ́n fi òfin de ara wọn pé gbogbo ọmọ ogun àwọn, àti Ramza pàápàá, yóò jẹ́ oníṣẹ́ kan náà láti ìgbà tí iṣẹ́ náà bá ti ṣí sílẹ̀ fún wọn títí dé òpin, kò sì gbọdọ̀ sí ọgbọ́n tí wọ́n yá láti inú iṣẹ́ mìíràn. Ẹ̀rọ kò mọ òfin yìí. Kò sí adájọ́, kò sí ẹ̀bùn.

Apòògùn ni mo kọ́kọ́ fi dán an wò, ó sì yà mí lẹ́nu. Ọmọ ogun tí à ń fojú kéré ni, tí à ń kọ́ iṣẹ́ rẹ̀ díẹ̀ kí a tó bọ́ sí òmíràn. Ṣùgbọ́n onídán gbọ́dọ̀ pe ọfọ̀ kí ó sì dúró kí ọfọ̀ náà tó jẹ́, nígbà tí oògùn apòògùn ń ṣiṣẹ́ lójú ẹsẹ̀, ó sì lè jù ú sí ẹni tí ó jìnnà sí i. Nígbà tí ó yá, ó lè gbé ìbọn. Ìbọn inú eré yìí ń lu ẹni tí ó wà ní ojú-ilé mẹ́jọ sí i, agbára ìbọn náà fúnra rẹ̀ ni ó sì ń ṣiṣẹ́, kì í ṣe agbára apá ẹni tí ó dì í mú. Ọwọ́ tí kò lágbára kò wá jẹ́ àbùkù mọ́.

Ibi tí ọ̀rọ̀ pọ̀ sí ni ti Oníṣirò. Láàárín àwọn oníṣẹ́ yòókù, kò sí ẹni tí ó tó o. Yóò ní kí iná bọ́ lu gbogbo ẹni tí ìpele rẹ̀ ṣe é fi márùn-ún pín láìṣẹ́kù, níbikíbi tí wọ́n bá wà lójú ogun. Kò ní í dúró, kò sì ní í ná agbára idán kankan. (Ẹ̀yin olùkọ́ ìṣirò, ẹ má rẹ́rìn-ín: àwọn nọ́ńbà tí kò ṣe é pín pàápàá wà nínú rẹ̀. Bí ọ̀rẹ́ rẹ bá bọ́ sínú iye náà, iná yóò jó òun náà.) Ṣùgbọ́n iná yẹn kì í ṣe tirẹ̀. Ọwọ́ onídán dúdú ni ó ti kọ́ ọ. Bí òfin bá ti ní kí ó má yá nǹkan, ìṣirò kù, ohun tí ìṣirò yóò rán níṣẹ́ kò sí. Òun ni ara rẹ̀ lọ́ra jù nínú gbogbo wọn. Ìwé atúmọ̀-èdè ni ó fi ń gbá ọ̀tá lórí. N kò ṣàwàdà. Ohun tí ó kù ún ni ọgbọ́n kan tí ó fi lè dá ìdajì ìyà tí ó jẹ padà sára ẹni tí ó lù ú.

Asínnijẹ náà rí bẹ́ẹ̀. Ohun tí ẹgbẹ́ rẹ̀ bá ṣe ni ó ń ṣe. Bí gbogbo yín bá jẹ́ asínnijẹ, ta ni ẹ óò sín jẹ? Ní ti Oníjó, obìnrin nìkan ni eré náà gbà fún un, nítorí náà òfin gbọ́dọ̀ tẹ̀ díẹ̀ fún Ramza.

Mo ti gbọ́ tí àwọn kan sọ pé iṣẹ́ tí kò lè dá dúró kì í ṣe iṣẹ́. N kò gbà. Ògbufọ̀ tí ó dá jókòó, kí ni yóò túmọ̀? Síbẹ̀, ẹ yọ ọ́ kúrò láàárín ẹni méjì tí wọn kò gbọ́ èdè ara wọn, kí ẹ sì wo ohun tí yóò ṣẹlẹ̀. Ohun tí ìpèníjà yìí fi hàn mí ni ibi tí agbára Oníṣirò ti ń wá, èyí tí n kò fiyè sí ní gbogbo ìgbà tí ó ń ṣẹ́gun fún mi.

Nígbà tí mo fi Oníṣirò ṣe é, mo dé ààfin Riovanes. Ìjà mẹ́ta ni ó tẹ̀lé ara wọn níbẹ̀. Ẹ̀rọ yóò bi ọ́ láàárín wọn bóyá o fẹ́ pa eré mọ́, bí o bá sì ṣe bẹ́ẹ̀ lórí àkọsílẹ̀ kan ṣoṣo tí o ní, kò sí ọ̀nà àtijáde. Nínú ààfin, Ramza nìkan ni yóò kọ́kọ́ kojú Wiegraf, ẹni tí ó ti ṣe olórí àwọn ọmọ ogun tí wọ́n jà fún ìlú tí ìlú kò sì san owó wọn, tí wọ́n sì pa àbúrò rẹ̀ obìnrin. Bí o bá fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣẹ́gun rẹ̀, yóò di iwin, iwin mẹ́ta mìíràn yóò sì yọ pẹ̀lú rẹ̀, ìgbà náà ni àwọn ẹgbẹ́ rẹ yóò tó dé. Apòògùn ní oògùn tí ń mu ara rẹ̀ nígbà tí wọ́n bá lù ú. Oníṣirò ní ìwé.

Wiegraf pa mí títí mo fi dẹ́kun kíkà. Mo padà sí àkọsílẹ̀ àtijọ́ kan, mo pàdánù ọ̀pọ̀ wákàtí, mo sì tún rìn dé ẹnu ọ̀nà ààfin. Ní ẹnu ọ̀nà yẹn, mo sọ Ramza di akànṣẹ́. Ìjà mẹ́ta péré, mo ní n óò dá a padà lẹ́yìn rẹ̀. Mo ṣẹ́gun. Ọmọbìnrin mi tí ó jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ mi ní, "Bàbá mi, Ramza kò fi ìwé gbá a. Ẹ̀ṣẹ́ ni ó fi jà." Mo ní kí ó lọ sùn.

Ní ti pé àkọsílẹ̀ ẹnu ọ̀nà ṣì wà, mo padà síbẹ̀ ní ọjọ́ kejì. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta nìyí. Ramza ti gbé ìwé rẹ̀ padà, Wiegraf sì ṣì ń pa á.